Òróró tó wà lójú yín, ọjọ́ wo lẹ ó wá yọ ọ́?

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yẹ kó ti padà wá láti bí oṣù 8 sẹ́yìn. "Dókítà, mo ti ń ríran. Kí lẹ tún fẹ́ yọ?" Mo tanná sí ojú náà. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan léfòó sí òkè dúdú ojú bí ìfófó ọṣẹ: òróró sílíkóònù tí a fi síbẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ló ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ìfúnpá ojú rẹ̀ jẹ́ 34, bẹ́ẹ̀ a kì í fẹ́ kó kọjá 21.

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Bó bá ṣí kúrò láyè rẹ̀, tí àpá sì ń fà á, a lè fi òróró yìí tì í títí yóò fi lẹ̀ padà. Àmọ́ àlejò ni òróró náà. Oṣù 3 sí 6 la sábà máa ń fún un. Bó bá pẹ́ jù, ó lè mú kí ẹyinjú ṣú funfun, ìfúnpá a sì máa pa iṣan ìríran láìsọ̀rọ̀.

Yíyọ rẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kí rẹ́tínà tún ṣí, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yẹ gbogbo etí rẹ̀ wò kí n tó yọ ohunkóhun. Ojú mìíràn á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nítorí ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù. Irú ojú bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òróró sílẹ̀ fún un ni. Ẹ̀kán òróró kéékèèké lè ṣẹ́ kù pẹ̀lú. Òkè ló ń léfòó sí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ ó ti máa rí i, róbótó róbótó. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìpayà.

Ẹ má tíì ra gíláàsì olówó ńlá: èyí tó bá ojú olóróró mu kò ní bá a mu mọ́. Ohun tí rẹ́tínà sì ti pàdánù kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, yíyọ òróró kò lè dá a padà. Ó máa ń dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Màmá ní kí a jẹ́ kí Iléyá kọjá. Mo mọ̀ pé owó ni, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la fi sí. Mo ti sọ fún ọmọ rẹ̀: lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tàbí òjìji tó ń bo ojú bíi kọ́tínì, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú.