Ta Ló Ń Sanwó Ilé Tí Wọ́n Ń Wó?

Bí ènìyàn bá ra ilé àtijọ́ kan ní Súrùlérè tàbí Yábàá, tó fẹ́ wó o kó lè kọ́ tuntun, ó lè rí ẹni tí yóò bá a wó o láìgba kọ́bọ̀. Ó tilẹ̀ lè rí ẹni tí yóò ka owó lé e lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ọ̀pọ̀ onílé a máa dùn, wọ́n á ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ owó wíwó ilé. Èrò yìí ló yẹ ká tú palẹ̀, nítorí kò sí ilé tí wọ́n ń wó lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé náà fúnra rẹ̀ ló ń sanwó, ọ̀nà tó sì ń gbà san án ló ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa lọ, ẹni tó máa kó sínú ewu, àti ohun tó máa ṣẹ́kù sórí ilẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASBCA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ilé kíkọ́, ni ó ń fúnni láṣẹ láti wó ilé. LASPPPA, àjọ ìjọba mìíràn, ni í fọwọ́ sí pláànù ilé tuntun. Ìwé méjì ni, owó méjì sì ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀kan ti kó èkejì mọ́ra, wọn yóò ti iṣẹ́ rẹ̀ pa ní àárín méjì, nígbà tí kò ní ilé àtijọ́ mọ́, tí kò sì tíì ní tuntun.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí pọ̀ sí ni ìgbà tí ẹni tó fẹ́ wó ilé bá kọ́kọ́ wá wò ó. Bí alápatà ṣe ń wo màlúù lórí ìso ló ń wò ó. Alápatà kì í wo ẹwà màlúù. Kí ẹranko náà tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ ti ya itan sọ́tọ̀, ó ti ya ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀, ó ti mọ ẹni tí yóò ra pọ̀nmọ́ àti ẹni tí yóò kó ìwo lọ. Bákan náà ni ẹni yìí ṣe ń rìn yí ilé ká. Páànù orí rẹ̀ ni awọ. Pákó òrùlé ni ìhà, pàápàá nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n fi igi líle bí ìrókò àti apá ṣe, igi tó ti gbẹ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí káfíńtà kankan kò ní kọ̀. Wáyà iná ni ẹ̀dọ̀: kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n bàbà ló wà nínú rẹ̀, bàbà kì í sì í pẹ́ kó tó rí oníbàárà. Ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé, bágúlárì, táǹkì omi, gbogbo wọn ló ní ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Ibi kan ṣoṣo ni ilé ti yàtọ̀ sí màlúù: nínú ilé, eegun ló lówó lórí ju ẹran lọ.

Irin ni eegun ọ̀hún. Ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí dẹ́kì rẹ̀ gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí ọ̀pá irin inú rẹ̀ bá jẹ́ ti mílímítà 12, tí wọ́n tò ó ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra ní òró àti ní ìbú, irin inú dẹ́kì yẹn nìkan ti lé ní tọ́ọ̀nù kan. Nǹkan bí 100 ọ̀pá ni, irú èyí tó gùn ní mítà 12 tí wọ́n ń tà lọ́jà. A kò tíì ka ti bíìmù, ti òpó, ti líńtẹ́ẹ̀lì àti ti àtẹ̀gùn. Onílé rí ilé tí ewédò ti bo ògiri rẹ̀, ó pè é ní àwókù. Ẹni tó wá wò ó rí tọ́ọ̀nù irin. Bí àwọn méjèèjì bá wá jókòó láti dúnàá-dúrà, ẹnì kan ló mọ ohun tí wọ́n ń tà nínú wọn.

Ìdí nìyí tí iye owó wíwó ilé fi máa ń yàtọ̀ gan-an láti ilé dé ilé, kódà ní òpópónà kan náà. Ẹni tí ń wó ilé ń ṣe ìṣirò nínú orí rẹ̀: owó lébìrà, owó katapílà bí yóò bá lò ó, owó típà, lẹ́yìn náà ó yọ ohun tí yóò rí tà. Bí ohun títà bá pọ̀ ju ìnáwó lọ, òun ni yóò fún onílé lówó. Bí ó bá kéré, onílé ni yóò san àfikún. Ilé oníbúlọ́ọ̀kù tí kò ní dẹ́kì kì í sábà lè san gbèsè ara rẹ̀ tán. Ilé alámọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò lè san án rárá, nítorí kò ní ju páànù, pákó àti ilẹ̀kùn lọ. Ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ ní àǹfààní tí ilé oníkọnkéré kò ní: ògiri rẹ̀ kò nílò kíkó lọ sí ibì kankan. Ilẹ̀ ló ti wá, òjò á rọ̀ sí i, á rọ̀, wọn á tẹ́ ẹ sínú ọgbà kan náà.

Irin tí wọ́n bá yọ, kílò ni wọ́n fi ń tà á. Apá kan a máa dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní agbègbè Ìkòròdú àti Ogijo, ibẹ̀ ni yóò ti di ọ̀pá tuntun. Ètò yìí dára púpọ̀. Láìsí pé ìjọba kankan là á sílẹ̀, irin ilé àná ti di irin ilé ọ̀la, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti jẹun nídìí rẹ̀. Apá kejì kì í dé ibi iná. Wọ́n á fi òòlù nà án ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á tà á fún ẹni tí ń kọ́ ilé tí owó kò tó. Èyí kò dára rárá. Irin tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n tún nà, ti pàdánù lára bó ṣe lè fà, ìpẹtà sì ti jẹ lára sísanra rẹ̀. Fífà yẹn gan-an ni iṣẹ́ irin nínú kọnkéré: kó fà kó tó já, kí ògiri lè sán, kí dẹ́kì lè tẹ̀, kí àwọn tó ń gbé ilé lè rí àmì kí wọ́n sì sá jáde. Irin tí kò lè fà mọ́ kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ibi tí ètò yìí ti ní àbùkù. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ilé lọ sókè. Òkè ló sì yẹ kí wọ́n ti máa wó o bọ̀ wá sísàlẹ̀: páànù, pákó, síílìnì, ògiri òkè, dẹ́kì, bíìmù, òpó. Ohun tó wà lókè gbọ́dọ̀ kúrò kí ohun tó gbé e tó kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé irin ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí irin pọ̀ sí ni ọkàn rẹ̀ wà. Nínú bíìmù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fi irin tó nípọn jù lọ sí, nítorí pé bí ìwúwo bá tẹ bíìmù láti òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń fẹ́ fà ya. Irin tó lówó lórí jù nínú ilé, òun gan-an ló gbé ilé dúró. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíìmù tó ń fi òòlù ńlá wá irin yẹn jáde, ohun tí kò jẹ́ kí ilé wó lé e lórí ló ń yọ. Inú ilé tí kò ní òpó ló tún burú sí i, èyí tó jẹ́ pé ògiri búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ló ru dẹ́kì. Bí wọ́n bá ń yọ búlọ́ọ̀kù tó ṣì dára lára ògiri bẹ́ẹ̀ láti tà, ẹsẹ̀ ilé ni wọ́n ń gé.

Bí ìròyìn bá jáde pé ilé tí wọ́n ń wó wó pa òṣìṣẹ́, àwọn ènìyàn á ní àìmọ̀kan ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lébìrà yìí mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń sanwó fún wọn ló ń darí ọwọ́ wọn: irin tí wọ́n bá yọ lónìí ni oúnjẹ òní, ìdọ̀tí òkè tí wọ́n bá fi ọjọ́ mẹ́rin kó kúrò kò ní mú nǹkan kan wọlé. Kò yẹ kí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Síílìnì náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ló ní pátákó ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì lókè. Kò sẹ́ni tó ń ra á, nítorí náà wọ́n kàn ń fi igi gún un lulẹ̀ ni. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn náà sì lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú, ìyẹn ni kò fi sí ẹni tí yóò rántí ilé tó ti gbé e wálé. Ó yẹ kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u ní odidi, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì lo ìbòmú tó péye. Owó ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn irin ni àfọ́kù. Dẹ́kì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 43, nítorí kúbíìkì mítà kọnkéré kan jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ díẹ̀ dín. Típà tí ń gbé tọ́ọ̀nù 20 kò lè kó o tán ní ẹ̀ẹ̀mejì, dẹ́kì nìkan sì nìyẹn. Bí wọ́n bá tún ti fọ́ ọ, ó máa ń wú, nítorí àyè ti wà láàárín àfọ́kù kan àti èkejì. Ohun tó jẹ́ kúbíìkì mítà 18 lè gba àyè 27. Ní àdúgbò tí ilẹ̀ àbàtà pọ̀ sí, àwọn ènìyàn a máa wá àfọ́kù láti fi kún ilẹ̀, òmíràn nínú wọn á tilẹ̀ sanwó. Níbi tí ilẹ̀ ti le, onílé ló máa sanwó kó tó kúrò. Ẹni tó gba irin ní owó iṣẹ́ ti rí tirẹ̀ gbà nígbà tí ọ̀pá ìkẹyìn bá ti gun ọkọ̀. Kò sí ohun tó ń mú un padà wá fún àfọ́kù. Owó tí onílé rò pé òun ti fò, ibí ló ti ń pàdé rẹ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ tún kù. Sókàwéè àtijọ́ àti kànga tí wọ́n ti fi ìdọ̀tí dí wà nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, àwọn tó gbẹ́ wọn sì ti lè kú. Bí wọn kò bá wá wọn rí, kí wọ́n gbọ́n wọn, kí wọ́n fi ilẹ̀ tó dára kún wọn ní ìpele-ìpele, ìpìlẹ̀ tuntun lè bọ́ sórí ihò. Iye tí àyẹ̀wò ilẹ̀ ń gbà kéré gan-an sí iye tí ògiri tó là ń gbà.

Ohun méjì tún wà tí kò sí nínú ìṣirò katapílà. Àkọ́kọ́ ni àyè. Ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ̀gbẹ́ kan ilé aládùúgbò, ó sì gba ilẹ̀ rẹ̀ tán. Bí ó bá ti wó, òfin òde òní ní kí tuntun fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó wó ilé yàrá mẹ́jọ lè má rí àyè fún mẹ́fà ní ìsàlẹ̀. Gíga nìkan ni yóò lè fi dí i. Èkejì ni ilé ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá fi owó ara rẹ̀ wó ilé bàbá wọn, tó tún un kọ́ ní aláràbarà, ilé ẹbí ló ṣì jẹ́ lójú òfin, àfi bí ẹbí bá pín in tàbí tí wọ́n fi tìfẹ́tìfẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Ìpàdé ẹbí pẹ̀lú ìwé tí olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdí-igi fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ ṣáájú òòlù.

Àwọn ilé kan sì wà tí kò yẹ kí ìṣirò yìí dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ohun tí wọ́n wó níbẹ̀ kò ṣeé fi kílò wọ̀n, kò sì ṣeé tún kọ́.

Fún ilé yòókù, ọ̀nà tó mọ́gbọ́n wá ni kí wọ́n ya ọjà àti iṣẹ́ sọ́tọ̀. Kí onílé san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ń wó ilé, kí ẹnjiníà kọ bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí wọ́n sì wọn irin lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí dẹ́kì bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n tà á fún ẹni tó bá dá owó tó dára. Kí apá kan owó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ onílé títí àfọ́kù yóò fi kúrò. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ìpìlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bí kò bá sí nínú ìwé, ojú ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn yóò parí sí, onílé ni yóò sì tún wá katapílà mìíràn tí yóò hú u.