Kí ẹ tó ra pọ́ńpù fún súwímìn púùlù ilé yín

"Họ́ọ̀sì mélòó ni kí n rà?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn (họ́ọ̀sì ni agbára mọ́tò pọ́ńpù, òun ni wọ́n ń kọ ní HP), yálà ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni o, tàbí ẹni tí omi púùlù ẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé lẹ́yìnkùlé ní Kinnira. Mi ò kì í dáhùn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà á bi wọ́n pé omi inú púùlù yín tó lítà mélòó, páìpù tí púlọ́ńbà rì mọ́lẹ̀ ńkọ́, ínṣì mélòó ni, fílítà yín báwo ló ṣe tóbi sí, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ṣé ó gbọnmú? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rí ìkankan dáhùn nínú ẹ̀, wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé họ́ọ̀sì méjì ló dáa torí pé họ́ọ̀sì méjì ni ti aládùúgbò. Ó máa ń dùn mí, torí owó gidi ló ń bá a lọ, pọ́ńpù tó tóbi ju púùlù lọ sì máa ń ba nǹkan jẹ́ ju èyí tó kéré díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Pọ́ńpù púùlù kì í gbé omi lọ sókè ilé. Ó ń fa omi láti ẹnu skimmer tó wà létí omi àti láti ojú ihò ìsàlẹ̀ púùlù, omi yẹn á gba inú apẹ̀rẹ̀ kékeré tó wà níwájú pọ́ńpù kọjá, ibẹ̀ ni ewé àti irun orí máa há sí, á wá tì í wọ inú fílítà oníyanrìn, èyí tó bá ti mọ́ á tún padà sínú púùlù. Yíyí ló ń yí omi po láti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí sọ́fíìsì pọ́ńpù tí à ń fi gbé omi sí táǹkì kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí, sumo inú borehole náà ò lè ṣe é. Àwọn yẹn, wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè gbé omi díẹ̀ lọ sókè réré ni, ti púùlù wọ́n ṣe é kó lè ti omi púpọ̀ lọ síbi tí ò ga. Sọ́fíìsì ò sì ní apẹ̀rẹ̀ kankan níwájú, ewé máńgòrò kan ṣoṣo tó bá wọlé lè há fáànù inú ẹ̀ pa, ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ẹ̀wẹ̀, ilé mélòó ni kò ní igi máńgòrò tàbí kajú lẹ́gbẹ̀ẹ́? Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù ní Takie tí ẹni tó ń tajà bá ní "ìkan náà ni gbogbo ẹ̀", ẹ má gbà o.

Ó yá, ẹ wọn púùlù yín. Ẹ fi mítà wọn gígùn ẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀, ẹ wọn ibi tí kò jìn àti ibi tó jìn jù, ẹ ro méjèèjì pọ̀ kí ẹ pín in sí méjì. Ká ní gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 8, fífẹ̀ mítà 4, ibi tí àwọn ọmọdé ń dúró sí jẹ́ mítà 1, ibi tó jìn jẹ́ mítà 2, jíjìn tí ẹ máa lò nìyẹn á jẹ́ 1.5. 8 táìmísì 4 táìmísì 1.5, ó di 48. Kúbíkì mítà kan jẹ́ 1,000 lítà, torí náà omi inú púùlù yẹn tó 48,000 lítà. Fún púùlù ilé, ó yẹ kí gbogbo omi yẹn ti gba inú fílítà kọjá tán láàárín bíi wákàtí 8, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ó kéré tán. Ẹ pín 48,000 sí ọ̀nà 8, 6,000 lítà ní wákàtí kan. Òun ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà.

Lára pọ́ńpù ẹ máa rí Q max àti H max. Q max ni gbogbo omi tó lè tì tí ohunkóhun ò bá dí i lọ́nà, H max ni ibi tó lè gbé omi ga dé kó tó di pé omi ò jáde mọ́, ẹ ò lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, àwọn ọlọ́jà ló ń kà wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ẹ máa rí i. Páìpù, gbogbo ẹ́lìbó tó wà lójú ọ̀nà, fílítà, gbogbo wọn ló ń dá omi dúró díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀pọ̀ púùlù ilé tí ẹ bá ṣírò ìdádúró yẹn pọ̀, bíi mítà 8 sí 12 ló máa ń jẹ́. Torí ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé pọ́ńpù yẹn wá, kí ẹ wo iye omi tó ń tì ní mítà 10. Tó bá wà láàárín 7,000 sí 10,000 lítà ní wákàtí kan, ó tó fún púùlù tí mo ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ yìí, ẹ sì máa rí i pé èyí tí wọ́n kọ 0.75 HP sí lára ti ń ṣe é dáadáa, nígbà míì 0.5 gan-an tó o.

Páìpù wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà tó mọ iṣẹ́ omi ilé dunjú máa ń lo páìpù ínṣì kan fún púùlù, torí òun ni ọwọ́ wọn mọ́. Páìpù ínṣì kan, tí a ò bá fẹ́ kó máa pariwo, bíi 3,000 lítà ní wákàtí kan ló ń gbà, ínṣì kan àbọ̀ ń gba bíi 6,500, ínṣì méjì ń gba nǹkan bíi 10,000. Tí ẹ bá wá gbé họ́ọ̀sì méjì sórí ínṣì kan àbọ̀, ẹ dà bí ẹni tó ń da garawa omi sẹ́nu ìgò. Omi ò ní yára sí i, pọ́ńpù á kàn máa ha gàràgàrà, ẹ máa rò pé òkúta ló wọ inú ẹ̀, omi tó ń fà tí kò tó ló ń dá ìhó sílẹ̀ nínú ẹ̀, ìhó yẹn ló sì ń jẹ fáànù inú ẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fílítà. Fílítà oníyanrìn tó fẹ̀ tó ínṣì 20, bíi 10,000 lítà ló lè sẹ́ ní wákàtí kan, tí pọ́ńpù bá ń ti 25,000 sí i, omi á la ojú ọ̀nà fúnra ẹ̀ gba inú iyanrìn kọjá, ìdọ̀tí á tún padà sínú púùlù, ẹ óò máa da kùlórínì sí i, omi ò sì ní mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu kíkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí púlọ́ńbà rì páìpù ínṣì méjì mọ́lẹ̀, pàápàá lọ́nà ibi tó ti ń fa omi. Iye tó fi wọ́n jura lọ ò tó nǹkan kan sí iye tí ẹ máa ná tí ẹ bá ní kí wọ́n wá fọ́ táìlì lọ́jọ́ iwájú.

Ohun míì wà tó ń bà mí lẹ́rù nípa pọ́ńpù ńlá, ọmọdé ni. Tí ihò ìsàlẹ̀ púùlù bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọmọ bá jókòó lé e tàbí tí irun ẹ̀ wọ ibẹ̀, gbogbo agbára pọ́ńpù yẹn á máa fa ọmọ yẹn mọ́lẹ̀, àgbàlagbà gan-an lè má rí i fà kúrò. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, ọmọ ọdún méje kan tí wọ́n ń pè ní Virginia Graeme Baker kú báyìí nínú omi gbígbóná tí wọ́n fi ń ṣe fàájì, ọmọ-ọmọ James Baker tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ni, lọ́dún 2007 wọ́n wá fi orúkọ ọmọ náà ṣòfin lórí ìdérí ihò púùlù. Òfin wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ omi ò mọ orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí ihò ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì, kí wọ́n jìnnà síra wọn tó mítà kan, kí páìpù wọn pàdé kó tó dé pọ́ńpù, kí ìdérí wọn rí rùgùdù sókè, kó má ṣe pẹrẹsẹ. Lọ́jọ́ tí ìdérí kan bá sán tàbí tó ṣí kúrò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi yẹn títí wọ́n á fi dè é padà. Tí mo bá dé ilé kan tí mo bá a bẹ́ẹ̀, mo máa ń pa pọ́ńpù ni kí n tó kí àwọn onílé.

Ó kan iná. Mọ́tò pọ́ńpù táwọn tó ṣe é fún wa níbí, 230 fóòtì, 50Hz ló ń lò, ó lè fara da kó lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn láti 207 sí 253. Ẹ wá wo alẹ́ tí gbogbo àdúgbò tan iná, tí gílóòbù ń mọ́ bàìbàì, mítà lè máa fi 170 hàn yín. Àwọn èèyàn rò pé iná tí kò tó, mọ́tò á kàn rọra ṣiṣẹ́ ni, irọ́ ni o, ńṣe ló máa fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i kó lè máa yí, á gbóná, kọ́ìlì á jó. Ẹ ra ohun tó ń já iná fúnra ẹ̀ tó bá ti lọ sílẹ̀ jù tàbí ga jù, kò wọ́n tó kíkọ́ kọ́ìlì tuntun. Ẹ sì ṣọ́ra fún pọ́ńpù tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ara ẹ̀ dáadáa, 60Hz ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ fún, àwọn míì 115 fóòtì ni, ẹ fi èyí sí iná wa ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ ti sin ín nìyẹn. Jẹ́ńẹ́ náà, pọ́ńpù họ́ọ̀sì kan ń jẹ bíi 1.1 kílówáàtì tó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà, torí náà jẹ́ńẹ́ kékeré ti "I better pass my neighbour" ò lè gbé e, ẹ má dán an wò.

Tí ẹ bá ṣírò 1.1 yẹn fún wákàtí 8, ó ń lọ sí bíi yúnìtì 9 lójúmọ́, ju 260 lọ lóṣù. Ibẹ̀ ni pọ́ńpù tí wọ́n lè yí eré ẹ̀ padà ti wúlò. Tí ẹ bá dín eré ẹ̀ kù sí ìdajì, omi tó ń tì á dín kù sí ìdajì, àmọ́ iná tó ń jẹ á já wálẹ̀ sí bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ, ẹ lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16 kó yí iye omi kan náà, kó sì jẹ bíi ìdá kan nínú mẹ́rin iná ti tẹ́lẹ̀. Ó wọ́n láti rà. Mi ò ní sọ pé kí gbogbo èèyàn rà á, àmọ́ ẹni tó ní sólà lórí òrùlé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, èmi á ní kó rà á, ó sì gbọ́dọ̀ fi sítábíláísà sí i, torí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ò fẹ́ràn iná jàgbàjàgbà.

Nípa ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ má gbé e jìnnà jù, ẹ má sì gbé e ga ju ojú omi lọ tí ààyè bá wà, kó má baà máa tiraka kó tó rí omi fà. Ẹ gbé e sórí bùlọ́ọ̀kù kí àgbàrá má dé ibẹ̀, kó ní ìbòrí, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kó jìnnà sí etí omi ju mítà 3.5 lọ, kí wáyà ẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́ èyí tó wọlẹ̀ lóòótọ́, kí bíréékà ẹ̀ jẹ́ RCD 30mA, ìyẹn èyí tó máa ń já iná fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò gba ara èèyàn tàbí omi. Ẹ má ṣe kó kùlórínì àti ásíìdì sínú yàrá pọ́ńpù. Èéfín wọn ló ń jẹ mọ́tò tí ẹ̀ ń rí tó ń dípẹtà kó tó pẹ́, méjèèjì ò sì gbọdọ̀ pàdé ara wọn rárá, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Ìtọ́jú ẹ̀ wá rèé. Ohun tó ń pa pọ́ńpù jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń pè mí sí ni àìsí omi nínú ẹ̀. Láàárín ibi tí omi wà àti ibi tí mọ́tò wà, síìlì kan wà níbẹ̀, ojú méjì tó ń lọ mọ́ra, omi tó ń kọjá ló ń mú un tutù. Tí omi bá tán tí mọ́tò ṣì ń yí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi jó, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sábẹ́ pọ́ńpù, tẹ́ ẹ bá fojú di kíkán yẹn, omi á wọ béárìn, béárìn á dípẹtà, á máa han gooro, mọ́tò ló kàn. Síìlì ò wọ́n, mọ́tò ló wọ́n. Torí náà ẹ jẹ́ kí omi púùlù máa wà ní àárín ẹnu skimmer, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn òòrùn máa ń fà á lọ láìjẹ́ pé ó ń jò, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ afẹ́fẹ́ ni pọ́ńpù á máa fà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa bíréékà, ẹ nu rọ́bà róbótó abẹ́ ìdérí, ẹ fi girísì sílíkónì pa á, ẹ má fi fásílínì pa á, ó máa ń mú rọ́bà wú, ẹ rọ omi kún inú ibi apẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé e kí ẹ tó tan án. Tí ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta bá kọjá tí omi ò tíì máa ṣàn, ẹ pa á, ẹ wá ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́.

Ẹ máa da ìdọ̀tí inú apẹ̀rẹ̀ yẹn nù lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, lásìkò ọyẹ́ lójoojúmọ́ ni, torí ewé gbígbẹ àti eruku ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré. Kí ẹ máa wo géèjì orí fílítà pẹ̀lú, òun ló ń fi hàn bí omi ṣe ń ti fílítà tó, psi ni wọ́n fi ń kà á. Lọ́jọ́ tí iyanrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sára ògiri, tó bá ti fi bíi 8 sí 10 psi lé sí i, ẹ ṣe bákìwọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ni kí omi gba ẹ̀yìn wọ inú iyanrìn kó fọ ìdọ̀tí jáde, fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta títí omi inú gíláàsì kékeré á fi mọ́, lẹ́yìn ẹ̀ rínsì díẹ̀, kó tó padà sí fílítà. Ẹ má yí ọwọ́ fáàfù ara fílítà tí ẹ fi ń ṣe é láéláé tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á ya gásíkẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀. Tí géèjì bá lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ńkọ́, fílítà kọ́ nìyẹn, ibi tó ti ń fa omi ni kí ẹ wò, apẹ̀rẹ̀ ti kún tàbí afẹ́fẹ́ ti wọlé.

Tó bá ń kùn tí kò yí, ẹ tètè pa á, kàpásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra, ló sábà máa ń jẹ́, tàbí nǹkan há fáànù ẹ̀. Kàpásítọ̀ ò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí i, iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa bíréékà. Mọ́tò tí wọ́n bá ti kọ́ kọ́ìlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó tún jó, èmi ò ní kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo máa kọ́kọ́ wo iná ilé yẹn, lẹ́yìn náà ká lọ ra òmíì, kí ẹ sì bi ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó bóyá síìlì àti kàpásítọ̀ irú ẹ̀ wà nílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, torí pọ́ńpù tí a ò rí síìlì ẹ̀ rà, ọjọ́ tí síìlì yẹn bá jó la máa jù ú nù.