Níta líìgì, ta ló yẹ kí ikọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà bá gbá bọ́ọ̀lù?

Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ yunifásítì ní Texas, kò sí Sátidé tí kì í fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nípa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá, tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Èyí tó ń rú u lójú jù ni bí wọ́n ṣe ń yan alátakò. Mo kó ìbéèrè rẹ̀ jọ síbí.

Ìbéèrè: Àǹtí, ṣé kì í ṣe líìgì ló ń yan gbogbo ẹni tí ikọ̀ kan máa bá gbá ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbà 12 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù nínú sáà, kí ìdíje ìparí tó dé. Líìgì ló ń yan 8 tàbí 9 nínú rẹ̀. Líìgì Big Ten àti Big 12 ń gbá 9. Líìgì SEC, níbi tí yunifásítì Texas wà, ò kúrò lórí 8 títí di 2025, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 9 láti 2026. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kù dọwọ́ yunifásítì fúnra wọn. Ọ̀gá eré ìdárayá ilé ìwé kan á pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ná an bí ẹní ń nájà, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé. Ìgbà mìíràn ó máa ń ku ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó gbá a! Ọmọ tó máa dé akoto lọ́jọ́ náà ṣì wà ní praimárì, ẹni tó fọwọ́ síwèé á sì ti fẹ̀yìn tì. Ta ló wá mọ̀ bóyá alátakò náà á ti di òmìrán tàbí hẹ́gẹhẹ̀gẹ nígbà náà?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ilé ìwé ńlá fi ń sanwó fún ikọ̀ kékeré kó wá jẹ ìyà?

Ìdáhùn: Tìtorí owó náà ni. Pápá yunifásítì Michigan ń gba èèyàn tó lé ní 100,000. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, tíkẹ́ẹ̀tì á tà, oúnjẹ á tà, ibi ìgbọ́kọ̀sí á pa owó. Tí wọ́n bá pe ẹni tó tó wọn, àfi kí àwọn náà lọ sílé tiẹ̀ lọ́dún mìíràn. Ikọ̀ kékeré á gba ṣẹ́ẹ̀kì, á sì máa lọ. Owó yẹn ló ń gbé eré ìdárayá yòókù ró nílé ìwé wọn, n ò lè bá wọn jà.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó yẹ kó mọ. Lọ́dún 2012, Savannah State, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Georgia, lọ sí Oklahoma State, wọ́n lù wọ́n bí ẹní lu bàrà, 84 sí 0. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wà ní Florida State, ó ti di 55 sí 0 kí ìjì tó dá a dúró. Dọ́là 860,000 ni wọ́n ṣèlérí fún ìrìn àjò méjèèjì. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi san án, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ìbéèrè: Ṣé ikọ̀ kékeré kì í borí ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣẹlẹ̀! Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2007, Michigan, tó wà ní ipò karùn-ún lórílẹ̀-èdè, san 400,000 dọ́là fún Appalachian State láti wá sílé wọn ní Ann Arbor. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó kẹ́yìn, àlejò ń fi 34 sí 32 síwájú. Michigan to ara jọ láti gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó, àmì mẹ́ta ni ìyẹn máa fún wọn, wọ́n á sì borí. Corey Lynch fò sókè, ó fi ara dí i, ó gbé bọ́ọ̀lù náà, ó sì ń sá lọ títí aago fi parí. Ńṣe ni gbogbo pápá pa lọ́lọ́.

Northern Illinois náà gba 1.4 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Notre Dame lọ́dún 2024, wọ́n sì tún fàgbà hàn wọ́n, 16 sí 14. Síbẹ̀ Notre Dame dé àṣekágbá lọ́dún náà, torí ikọ̀ 12 ló ń wọ ìdíje ìparí láti 2024, kì í ṣe mẹ́rin mọ́.

Ìbéèrè: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò sàn kéèyàn sá fún ẹni tó lè nà án? Texas wa lọ sí Ohio State lọ́dún 2025, wọ́n nà wọ́n 14 sí 7, ìgbìmọ̀ tó ń yan ikọ̀ sínú ìdíje ìparí sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ìdáhùn: Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Indiana pe Old Dominion, Kennesaw State àti Indiana State wá sílé lọ́dún kan náà, wọ́n na ìkẹyìn yẹn 73 sí 0, ipò kìíní ni wọ́n sì fi wọlé. Àmọ́ Indiana na Ohio State yẹn náà, 13 sí 10, ní àṣekágbá Big Ten. Ní ti Texas, wo àkọsílẹ̀ wọn dáadáa: Florida, tó borí ìgbà mẹ́rin péré lódindi sáà, nà wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀, kì í ṣe ní Columbus, nílé Ohio State. Alabama náà lọ fìdí rẹmi nílé Florida State lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n ṣì wọlé.

Sísá náà kì í gbani. Lọ́dún 2023, Florida State borí nínú gbogbo ìdíje 13 tí wọ́n gbá. Ṣùgbọ́n lóṣù Kọkànlá, nílé, níwájú North Alabama, ikọ̀ kékeré tí wọ́n pè wá, Jordan Travis tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn fi ẹsẹ̀ ṣèṣe gidigidi. Wọ́n borí 58 sí 13. Ìgbìmọ̀ ní láìsí ẹni yẹn, wọn kì í ṣe ikọ̀ tí àwọn mọ̀ mọ́, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n mú Alabama, tí Texas ti nà nílé ara rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn ńkọ́?

Ìdáhùn: Mà á mú òmìrán kan lọ́dọọdún, ẹyọ kan péré, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí àkókò wà láti tún ara ṣe. Nílé wa lọ́dún yìí, nílé wọn lọ́dún tó ń bọ̀. N ò fẹ́ pápá ìyálò ní ìlú kẹta, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ò ti lè débẹ̀. Ìkejì á jẹ́ ẹni tí agbára wa jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìkẹta ni mà á fi ran ilé ìwé kékeré lọ́wọ́, àmọ́ ará ìpínlẹ̀ kan náà ni, tí òbí àwọn ọmọ lè wakọ̀ wá wò wọ́n, a ò sì ní gbá a lóṣù Kọkànlá. SEC náà ti pàṣẹ pé ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú alátakò kan láti líìgì ACC, Big Ten tàbí Big 12, tàbí kó mú Notre Dame tí kò sí nínú líìgì kankan, lọ́dọọdún. Ó yẹ kí gbogbo líìgì ṣe bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn ni pé kí Ohio State náà wá sílé Texas ní Austin lóṣù Kẹsàn-án 2026. Tó o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ra méjì. Mò ń bọ̀.