Bí Ilé Ìkòríta Ṣe Ń Pa Ààlà Láàárín Ìgboro àti Ìyẹ̀wù

Ilé tó fara ti ilé lọ́tùn-ún lósì ní ojú kan ṣoṣo tó kọ sí títì. Ilé ìkòríta ní méjì, ariwo àti ojú èrò sì ń bá a láti ìhà méjèèjì. Ayàwòrán ilé ló máa pinnu ibi tí ìgboro máa dé dúró níbẹ̀.

Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ jù ni kí wọ́n gé ṣóńṣó igun náà kúrò. Ní Barcelona, Ildefons Cerdà fi í sínú ètò ìlú tó ṣe ní 1859: àwọn igun àdúgbò Eixample di gígé ní dígírì 45, kí ọkọ̀ lè rí àyè yí, kí èrò sì rí ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀nà kejì. Ilẹ̀ tí onílé fi sílẹ̀ yìí kò ṣòfò rárá. Ilé náà jèrè ojú kẹta, tó dojú kọ oríta gan-an, ibẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tọ́ sí. Ẹni tó ń dúró de ẹnìkejì lè dúró síbẹ̀ láì dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kò tíì wọlé, kò sì sí lójú ọ̀nà mọ́.

Ó dára kí ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń gbé lókè wà ní ẹ̀gbẹ́ tó pa rọ́rọ́. Ìloro ni wọ́n á kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn, kí kálukú tó kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. Gbogbo ayé ló ni igun, ará ilé àti àlejò ló ni ìloro, ìdílé kan péré ló ni ilẹ̀kùn òkè.

Fèrèsé tó yọ síta lókè igun, bí irú èyí tó wà láwọn ìlú àtijọ́ ní Jámánì, ń jẹ́ kí ará ilé wo ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó bá gbójú sókè láti títì, àjà yàrá nìkan ló máa rí.

Inú lọ́hùn-ún ni ìṣòro wà. Níbi tí apá ilé méjì ti pàdé, ìmọ́lẹ̀ kì í tó. Ní Berlin, yàrá tó bọ́ sí irú igun inú bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, Berliner Zimmer: ó tóbi, àmọ́ fèrèsé kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní. Nígbà tí Gaudí, ayàwòrán ilé, ń kọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní Casa Milà sí igun kan ní Eixample ní Barcelona, láàárín 1906 sí 1912, àgbàlá méjì ló dá sáàárín ilé, kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè dé àwọn yàrá tí kò kọjú sí títì. Ẹni tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, inú àgbàlá ló máa kọ́kọ́ já sí.