Kí ni wọ́n ń pè ní menagerie?

Ọ̀rọ̀ Faransé ni menagerie. Kó tó di orúkọ ibi tí wọ́n ń kó ẹranko ìgbẹ́ sí, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé àti ohun ọ̀sìn ni. Ẹ má fi wé ọgbà ẹranko òde òní. Kì í ṣe torí ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ nígbà náà. Ọba kan á fi ẹranko ta ọba kejì lọ́rẹ, ẹni tó gbà á sì lè má mọ ohun tó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ti Ilé Ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù (Tower of London), odi ọba tó wà létí odò Thames. Ní 1235, Frederick Kejì, olú ọba Ilẹ̀ Róòmù Mímọ́ (Holy Roman Empire), fi ẹranko mẹ́ta ránṣẹ́ sí Henry Kẹta, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkùn ni wọ́n kọ sínú ìwé, àmọ́ ó lè jẹ́ kìnnìún. Ní 1252, béárì funfun kan dé láti Norway. Ọba pàṣẹ kí àwọn sheriff Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn àwọn aláṣẹ ìlú, máa san pẹ́ńsì 4 lójúmọ́ fún oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n wá ẹ̀wọ̀n, ohun tí wọ́n á fi dí i lẹ́nu, àti okùn gígùn tó yi dáadáa, kó lè máa pẹja nínú odò Thames. Nínú gbogbo ẹranko tó gba ibẹ̀ kọjá, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ béárì yìí nìkan ló jẹ oúnjẹ baba rẹ̀.

Erin ló tẹ̀ lé e ní 1255, ẹ̀bùn Louis Kẹsàn-án ti ilẹ̀ Faransé. Wọ́n kọ́ ilé fún un, 40 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, 20 ní fífẹ̀. Èrò ń wọ́ lọ wò ó. Ó rán mi létí erin inú àlọ́, èyí tí Ìjàpá forin tàn wọ̀lú pé ó ń lọ jọba. Ní 1257 ló kú.

Nígbà tí erin mìíràn dé láti Sípéènì ní 1623, fún James Kìíní, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tó bá a wá ni pé kó máa mu gálọ́ọ̀nù wáìnì kan lójúmọ́ láti oṣù September títí di April. Erin tó ń jewé nígbó! Bí ẹ bá bi mí, ọ̀fun àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ògòǹgò ló ṣe mí láàánú jù. Àwọn èèyàn gbà pé inú rẹ̀ ń lọ irin, ni wọ́n bá ń ju ìṣó fún un, ó ń gbé e mì. Ìṣó ò sì dà nínú ẹyẹ kankan.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹni tí kò bá lówó ìwọlé lè mú ajá tàbí ológbò wá fún kìnnìún láti jẹ. Ní 1835 ni wọ́n ti ibẹ̀ pa, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ẹranko ọba lọ sí ọgbà ẹranko tó wà ní Regent's Park, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n gbẹ́ yàrà tó yí Ilé Ìṣọ́ ká, wọ́n sì bá agbárí kìnnìún méjì níbẹ̀, pẹ̀lú ti ajá.