Ta Ló Ni Ìwé: Ẹni Tó Kọ Ọ́ Tàbí Ẹni Tó Sanwó Ẹ̀rọ?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn òǹkọ̀wé jókòó ní ìlú Èkó, ní Yábàá, ní Súrùlérè àti ní Erékùṣù, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ìjókòó kan tó tú ká kí ẹnì kan má ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá sanwó ìtẹ̀wé ni ó ni ìwé. Ohùn tí onílẹ̀ tó gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà máa ń fi sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́, àwọn tó kù á sì mi orí. Èmi náà ti mi orí rí. N kò mi orí mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń bí mi nínú díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó gbà á gbọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan fi iṣẹ́ wọn lé ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ náà ná owó tirẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì gbà lọ́kàn ara wọn pé àwọn ti tà á nìyẹn, pé kò sí ohun tí àwọn tún lè bèèrè ju owó tí wọ́n bá fún àwọn lọ. Àwọn kejì kó owó ara wọn lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ sí ní Èkó, wọ́n gba ẹ̀dà 300, wọ́n sì rò pé owó yẹn ló sọ àwọn di onílé. Ibi tí àwọn kejì yìí dé kò burú, nítorí pé àwọn ló ni iṣẹ́ wọn lóòótọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ ni kò tọ́, ọ̀nà náà ni yóò sì ṣì wọ́n lọ ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá bá wọn sanwó.

Ohun tí òfin sọ kò ṣòro, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ àdàkọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ́píráìtì, sí ọwọ́ ẹni tó kọ iṣẹ́ náà láti ìgbà tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ sórí tákàdá tàbí sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀tọ́ náà wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú. Kò di dandan kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kí ó tó ní i. Nàìjíríà ti wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, láti ọdún 1993, àdéhùn yẹn kò sì sọ ìforúkọsílẹ̀ di májẹ̀mu. Òfin kan náà sọ pé òǹkọ̀wé kò lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fún un ní àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a pín, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ iṣẹ́ tí ènìyàn kọ lẹ́nu iṣẹ́ oṣù kúrò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé tí ènìyàn jókòó sílé ara rẹ̀ kọ, òfin kò bèèrè ẹni tó sanwó tákàdá.

Kí ló dé, nígbà náà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, kò fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú? Mo ti ronú lé e, mo sì ti wá ń fura sí èdè wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí í ṣe "ìwé". Tákàdá tí a kọ nǹkan sí, ìwé ni. Lẹ́tà, ìwé ni. Ohun tí ọmọ ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ni, tí a fi ń sọ pé lágbájá mọ̀wé. Ohun tí onílé fi lé ayálégbé jáde, ìwé ni. Àdéhùn tí òǹkọ̀wé ń tọwọ́ bọ̀ pàápàá, ìwé ni. Nígbà tí ènìyàn bá wá sọ pé, "Èmi ni mo ni ìwé yìí," èwo ló ń wí? Ṣé àwọn ẹ̀dà tó wà nínú páálí ni, tí èkúté lè jẹ, tí òjò lè pa? Tàbí ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn, tí èkúté kò lè rí jẹ? Ohun ìní méjì ni wọ́n, ẹni kan lè ní ọ̀kan kí ó má ní èkejì, ẹnu wa sì ti fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn méjèèjì.

Ká ní mo lọ ra ìwé ní Broad Street lónìí. Ẹ̀dà tí mo rà di tèmi. Mo lè yá ọ̀rẹ́ mi, mo lè tà á fún àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù, mo sì lè ya ojú ewé rẹ̀ fi pọ́n ẹ̀pà bí mo bá jẹ́ ọ̀dájú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n gbé e lọ sí Ṣómólú kí n ní kí wọ́n bá mi tẹ ẹgbẹ̀rún kan sí i. Gbogbo ènìyàn ló gba èyí, wọn kì í jiyàn rẹ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ ẹ̀dà 1,000, tó sì kó wọn sí yàrá ìkẹ́rù rẹ̀, wà ní ipò kan náà pẹ̀lú mi, ní ìlọ́po 1,000. Òun ló ni páálí. Ohun tó fi jù mí lọ ni àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, inú ìwé àdéhùn ni àṣẹ náà sì ti wá, kì í ṣe inú àpò owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dàrú mọ́ wa lójú ni "ilé ìtẹ̀wé". Ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ ní Ṣómólú, ilé ìtẹ̀wé là ń pè é. Ilé-iṣẹ́ tó yan iṣẹ́, tó san owó olóòtú, tó wá ọjà fún un, tó sì fara mọ́ àdánù bí kò bá tà, ilé ìtẹ̀wé náà là ń pè é. N óò máa pe ẹni kejì yìí ní agbéwèéjáde kí ó lè yé wa. Ẹni àkọ́kọ́ gba owó tákàdá, owó tádàwà àti owó ìdìpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí. N kò tíì rí òǹtẹ̀wé Ṣómólú kan tó sọ pé òun ló ni ìyàwó nítorí pé òun ló tẹ káàdì ìgbéyàwó. Wọ́n mọ ààlà wọn dáadáa. Àwa òǹkọ̀wé ni a kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí mo bá jiyàn lórí èyí máa ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n wọ́n náwó lórí rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ní nǹkan kan." Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ, wọ́n sì ní i: ohun tí ìwé àdéhùn sọ pé wọ́n ní. Ayálégbé tó kun ilé ní ọ̀dà, tó tún òrùlé ṣe, tó sì gbẹ́ kànga, ti náwó púpọ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé náà ni. Ará Èkó ni wá; àwa tí a ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí á yá ilé àti kí á ta ilé. Òǹkọ̀wé lè yá iṣẹ́ rẹ̀ fún agbéwèéjáde fún ọdún 5, ní èdè kan, ní orílẹ̀-èdè kan, fún ìwé tákàdá nìkan. Ó sì lè tà á pátápátá. Òfin gba méjèèjì láàyè. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan nínú àdéhùn ló sábà máa ń pààlà sí i, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́: bí o bá rí "license", yíyá ló ṣeé ṣe kó jẹ́, bí o bá rí "assign", títà ni wọ́n ń sọ, bí o bá rí "grant" nìkan, o ní láti ka ohun tó tẹ̀ lé e kí o tó lè mọ èyí tí wọ́n ń wí.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Àdéhùn àkọ́kọ́ tí mo tọwọ́ bọ̀ jẹ́ ojú ewé 4, ojú ewé tó ní iye owó nínú nìkan ni mo sì kà tọkàntọkàn. Mo rí i pé wọn yóò máa san rọ́yátì fún mi, ìyẹn ìpín tèmi lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, mo sì parí èrò sí pé ẹni tí wọ́n ń san rọ́yátì fún ni onílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè ta ilé rẹ̀ kí olùrà sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn kan fẹ́ sọ ìtàn náà di eré orí rédíò, mo fi ayọ̀ gbà fún wọn, ìgbà náà ni mo tó padà ka ojú ewé kẹta, tí mo bá "assign" níbẹ̀, pẹ̀lú "gbogbo èdè" àti "gbogbo àkókò tí ẹ̀tọ́ náà yóò fi wà". Mo kọ lẹ́tà láti tọrọ àṣẹ lórí ìtàn tí èmi fúnra mi kọ. Wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì yẹ kí n sọ ìyẹn nítorí òdodo. Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ, èmi ni n kò kàwé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ẹnì kan máa ń mẹ́nu ba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé. Wọ́n á ní orúkọ ta ló wà lórí nọ́ńbà náà, pé ẹni yẹn ló ni ín. Yàrá ìkàwé ìjọba àpapọ̀, National Library, ló ń fún wa ní nọ́ńbà yìí ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà 13 ni, àwọn tiwa sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978: 978 àkọ́kọ́ sọ pé ìwé ni, èkejì sọ pé Nàìjíríà ni ó ti wá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kù ń tọ́ka sí ẹni tó gbé e jáde àti ẹ̀dà pàtó tí í ṣe, débi pé ẹ̀yìn líle àti ẹ̀yìn rírọ̀ ìwé kan náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ ìwé ìní, ìwé kan náà ìbá ti ní onílé méjì láti orí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Fún ẹni tó ń tàwé láti rí ọjà rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ kì í sọ ẹni tó ni ẹrù inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò le tó bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bí wọ́n bá ní rọ́yátì rẹ jẹ́ ìdá 10 nínú 100, béèrè pé nínú kí ni. Ìwé tí wọ́n kọ ₦5,000 sí lẹ́yìn, tí agbéwèéjáde sì yọ ìdá 40 nínú 100 sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ₦3,000 ló máa wọlé. Lórí iye ẹ̀yìn ìwé, ₦500 ni tìrẹ. Lórí ohun tó wọlé, ₦300 ni.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí á ṣọ́ ju owó lọ ni bí iṣẹ́ yóò ṣe padà sílé. Àwọn àdéhùn àtijọ́ máa ń sọ pé bí ìwé bá tán lórí àtẹ, tí agbéwèéjáde kò sì tún un tẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ẹ̀tọ́ yóò padà sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé. Ó dára nígbà náà. Lóde òní ìwé lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú páálí, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá béèrè, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì lè tán láéláé. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn yín ka iye ẹ̀dà tí wọ́n tà láàárín ọdún kan, kí ó má fi mọ sí bóyá ìwé ṣì wà. Ẹ ṣọ́ àwòrán ẹ̀yìn ìwé pẹ̀lú: iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti gba ọ̀rọ̀ wọn padà tán kí wọ́n tó mọ̀ pé àwòrán kò bá wọn bọ̀.

N kò sọ pé ẹni tó ta iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá gọ̀. Fún ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ètò-ẹ̀kọ́ tuntun lè sọ di ògbólógbòó, owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan lè sàn ju rọ́yátì tí kò dé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé ẹni tó sanwó kì í ni ìwé rárá. Ó lè ni ín, bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti tọwọ́ bọ̀wé pé kí ó ni ín. Èyí tó nira jù ni ti àwọn tí kò ní ìwé àdéhùn kankan, tí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ilé-iṣẹ́ sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú gbogbo wọn. Níwọ̀n bí kò ti sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹ̀tọ́ kò kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, àti pé àṣẹ lásán tí ẹlòmíràn náà lè gbà ni ilé-iṣẹ́ ní, èyí tí a fi ìṣesí wọn mọ̀. Ọdún mélòó ni àṣẹ bẹ́ẹ̀ yóò fi wà, àti bí òǹkọ̀wé yóò ṣe fòpin sí i, ọwọ́ adájọ́ nìyẹn wà. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ kọ́píráìtì, èyí tó wà fún àwa ará Èkó wà ní Ìkòyí, owó agbẹjọ́rò tí yóò sì gbé ènìyàn débẹ̀ lè ju owó gbogbo ẹ̀dà tí ìwé náà tíì tà lọ.