Negrismo: ìlù nínú ewì èdè Sípéènì

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1930, ìwé ìròyìn Diario de la Marina ní ìlú Havana gbé ewì kúkúrú mélòó kan jáde lójú ewé tó wà fún ọ̀rọ̀ àwọn adúláwọ̀ Kúbà. Nicolás Guillén, ọmọ Camagüey, ẹni ọdún 27, ló kọ wọ́n. Motivos de son ló pè wọ́n. Awuyewuye bẹ̀rẹ̀ lórí wọn, torí pé ó kọ èdè Sípéènì bí àwọn mẹ̀kúnnù adúláwọ̀ ìlú náà ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Ọmọ ilé ìwé tó bá fẹ́ sọ pé “o ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì” á kọ tú no sabes inglés. Guillén kọ tú no sabe inglé, ó gé s ìparí méjèèjì dànù. Inú bí àwọn adúláwọ̀ kan tó kàwé. Lójú tèmi, ìgboyà ńlá ni.

Àwọn ewì yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń pè ní negrismo. Inú negro, tó túmọ̀ sí dúdú, ni wọ́n ti yọ orúkọ náà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ní alága àti akọ̀wé. Orúkọ àkókò kan ni, láti nǹkan bí 1926 sí 1940, nígbà tí àwọn akéwì Kúbà, Puerto Rico àti Dominican Republic dẹtí sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ijó àti ìlù àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú tó wà láàárín wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ewì Guillén gbọ́dọ̀ mọ són. Orin Kúbà ni: gìtá, bọ́ǹgò, ṣéré, àti igi kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní clave, tí wọ́n ń lù mọ́ra kí orin má baà ṣìnà. Ẹnìkan á lé orin. Tó bá yá, àwọn elégbè á gba gbólóhùn kúkúrú kan, wọ́n á máa tún un sọ títí orin á fi gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni Guillén ṣe to ewì rẹ̀: ọ̀rọ̀ á ṣáájú, ègbè á wọlé. Ẹni tó ti gbe orin rí lójú agbo ti mọ ọ̀nà náà.

Nínú irú ègbè bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń rí jitanjáfora. Alfonso Reyes, òǹkọ̀wé Mẹ́síkò, ló fa orúkọ yìí yọ nínú ewì kan tí Mariano Brull ará Kúbà kọ. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni, tí akéwì lò nítorí adùn ìró rẹ̀. Sóngoro cosongo, àkọlé ìwé Guillén ti 1931, jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má fi wé wúruwùru tiwa o: wúruwùru ní ìtumọ̀, ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé nǹkan ò tò. Ká má sì sáré pe gbogbo ọ̀rọ̀ àjèjì tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá. Mayombe tó kún inú ewì rẹ̀ lórí ejò pípa, ọ̀dọ̀ àwọn Kóńgò ló ti wá.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ negrismo jẹ́ aláwọ̀ funfun, bíi Luis Palés Matos ní Puerto Rico àti Emilio Ballagas ní Kúbà. Wọ́n mọ ewì í kọ, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú ewì bẹ́ẹ̀, adúláwọ̀ kàn ń jó, ó ń mi ìdí. Ebi kì í pa á, kì í san owó ilé. Níbí ló ti yàtọ̀ sí Négritude, ìpolongo iyì adúláwọ̀ nínú ìwé èdè Faransé, tí àwọn adúláwọ̀ bíi Aimé Césaire àti Léopold Senghor dá sílẹ̀ fúnra wọn. Guillén náà ò dúró sídìí ijó. Nínú ìwé ewì rẹ̀ West Indies Ltd., ní 1934, ó kọjú sí oko ìrèké àti àwọn tó ń jèrè rẹ̀.

Són kẹfà rẹ̀, nínú ìwé El son entero ti 1947, bẹ̀rẹ̀ báyìí: Yoruba soy. Yorùbá ni mí. Ó ní òun ń sunkún ní Yorùbá lukumí, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn wa ní Kúbà. Orí mi máa ń wú tí mo bá kà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ní bí òun ò bá jẹ́ Yorùbá, òun jẹ́ Kóńgò, Mandinga, Carabalí, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ẹ̀yà Áfíríkà mìíràn ní Kúbà. Nígbà tí ègbè sì wọlé, todo mezclado ló ń tún sọ: gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀, dúdú àti funfun, ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún.